Aago Tí Kò Lójú

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé yìí lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ yín, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ kú ooru, ẹ kú eruku, ẹ kú làálàá ayé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀, tó fi èémí sí wa nímú, tí kò jẹ́ kí ìbínú ẹnikẹ́ni gbé wa mì títí di òní. Ìbínú ni ìtàn yìí dá lé. Kì í ṣe ìbínú ọ̀tá o. Ìbínú ẹni tó fẹ́ràn ẹni ni, èyí tó máa ń dunni wọ egungun. Ẹ fi sùúrù bá mi lọ.

Ní àdúgbò Talladjé, ní ìlú Niamey, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tinúadé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ rẹ̀, Adékànmí, ń tún fìríìjì ṣe ní Harobanda lódì kejì odò. Òun fúnra rẹ̀ ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ ike àti ẹní ní ọjà ńlá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó kí wọ́n tó rí ọmọ. Tinúadé ti gbààwẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi tín-ín-rín. Ó ti kọrin mọ́ omijé lórí ìjókòó ilé ìsìn títí àwọn àgbà ìyá fi ń na ankáṣíìfù sí i láìbèèrè ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí Olúwa dá a lóhùn, ọmọbìnrin ló fi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìmọ̀olúwa.

Nígbà tí ọmọ náà dé, ìyá Tinúadé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá Adékànmí sì ti lọ sinmi. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Opó kan tó ń gbé ilé kejì ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mọ́rìlíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Gbàdàmọ́sí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ tó ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè. Mùsùlùmí ni, Niamey ni wọ́n sì bí i sí, síbẹ̀ Yorùbá rẹ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ti ará Ọ̀yọ́. Òun ló da omi sí ọmọ lára, òun ló na án lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, òun ló fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ títí ìyá ọmọ fi ké.

"Ké dáadáa," ló wí fún un. "Ó tọ́ sí ọ. O ti pẹ́ jù nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni Tinúadé ti ní ìyá ní Niamey.

Fùrá ni Ìyá Gbàdàmọ́sí ń tà. Gbogbo ọ̀sán ló fi ń gún ọkà jéró nínú odó ńlá tó wà lábẹ́ igi dógóyárò ní àgbàlá rẹ̀, kó tó rọ ọ́ róbótó, kó tó sè é, kó tó fi wàrà pò ó fún àwọn tó ń wá mu ún nírọ̀lẹ́. Bí Ìmọ̀olúwa bá ti dé láti ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló ń wà títí Tinúadé yóò fi ti ọjà dé. Àwọn ìyá mìíràn náà a máa fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Sùmáyyà aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, wà lára wọn. Ìyá Gbàdàmọ́sí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Orúkọ rere tí wọ́n ń pè é ni èrè rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju wúrà lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fa àríyànjiyàn láàárín òun àti Tinúadé: pípọ̀n ọmọ. Ìmọ̀olúwa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án ju ẹ̀yìn Ìyá Gbàdàmọ́sí lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá náà pọ̀n ọ́n lọ sí ẹnu géètì ilé-ìwé, àwọn ìyá kan tí wọ́n ń sọ Faransé geerege sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọ tó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kò yẹ lẹ́yìn ènìyàn mọ́. Ojú ti Tinúadé dé ìdí etí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pọ̀n ọ́n mọ́," ló wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ máa tẹ́ ẹní fún un."

"Ẹní?" ni Ìyá Gbàdàmọ́sí wí. "Ẹ̀yìn wà nílẹ̀, kí ọmọ lọ máa sùn sórí ẹní?"

"Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ìyá náà wo igi, ó wo odó, ó wo ọmọ. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Tinúadé gbà pé ìlérí nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn kan tó ń ṣe ìwádìí lórí oorun àti eré sísá àwọn ọmọdé fi wá sí ilé-ìwé náà. Wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ Niamey ṣe ń sùn, àti bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn ṣeré tó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìlhàm ni wọ́n rán sí ilé Tinúadé, nítorí pé ọmọ Yorùbá lòun náà. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré, Yorùbá sì ti dà bí aṣọ tó kéré sí i lára.

"Tántí, ẹ kú ilé," ló wí, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe àǹtí. "Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá mi, kò... kò lágbára."

"Ebi ló ń pa á," ni Tinúadé dáhùn. "Jókòó. Bí a bá fún ọ lóúnjẹ, yóò lágbára."

Ìlhàm rẹ́rìn-ín, ó sì yọ ohun kan jáde nínú àpò rẹ̀. Okùn rọ́bà dúdú ni, àpótí pẹlẹbẹ kan sì wà láàárín rẹ̀ bí aago ọwọ́.

"Aago wo nìyí tí kò lójú?" ni Tinúadé bèèrè.

"Kì í sọ àkókò, Tántí. Ara mímì ló ń kọ sílẹ̀. Ẹ wò ó." Ó mi ohun náà, iná aláwọ̀ ewé kan tó kéré bí ojú eṣinṣin sì ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bí ọwọ́ ọmọ bá ń mì, iná á máa ṣe báyìí. Bó bá sùn, tí ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́, iná á kú. Tọ̀sán-tòru ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà bó bá ń wẹ̀."

Ìmọ̀olúwa ti na ọwọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ ọn, ó ń ju ọwọ́ náà sókè sódò, ó ń kí iná náà káàárọ̀.

Ìlhàm bèèrè ọ̀pọ̀ nǹkan: oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ, ibi tó ń sùn, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Tántí, ṣé ẹnì kan ṣì ń gbé e síbí? Ṣé wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n?"

Tinúadé rántí ẹ̀rín ẹnu géètì. "Pọ̀n? Ọmọ tó ti ń kọ orúkọ rẹ̀? Rárá o! A ti kọjá ìyẹn nílé yìí."

Ìlhàm kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ló padà dé, tọkọtaya wà nílé. Ó sún fóònù rẹ̀ mọ́ aago ọwọ́ ọmọ, àwọn ìlà kan sì yọ lójú fóònù, àwọn kan kúrú, àwọn kan dúró ṣánṣán bí pòròpórò jéró lóko. Ó wò ó, ó tún un wò. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Lóru, ó ń sùn dáadáa. Láàárọ̀, kò sí wàhálà. Ọ̀sán ni, Tántí. Lọ́sàn-án, kì í sùn rárá. Ara rẹ̀ ń mì ṣáá, gíẹ́ gíẹ́ gíẹ́, kò dúró, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí irú èyí lára àwọn ọmọ tó ń ru ẹrù kiri ọjà. Ẹ má bínú, ó yẹ kí n bi yín ni. Kí ló máa ń ṣe lọ́sàn-án?"

Tinúadé dìde dúró. Ojoojúmọ́, bó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, kó tó gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ìyá, ṣé ó sùn?" Ojoojúmọ́ ni Ìyá Gbàdàmọ́sí sì ń dá a lóhùn pé, "Ó sùn fọnfọn."

"Irọ́ ni," ló wí jẹ́jẹ́.

"Kí ni irọ́?" ni Adékànmí bèèrè.

"Obìnrin yẹn ń purọ́ fún mi lójoojúmọ́! Ó ń fi ọmọ mi ṣiṣẹ́!"

"Ìyá Ìmọ̀, rọra. Jẹ́ ká lọ bi ìyá léèrè."

"Kí n bi í kó tún fún mi ní irọ́ tuntun?"

"Ẹ̀rọ náà lè ṣìṣe."

"Ẹ̀rọ kò ní ẹnu tí yóò fi purọ́, Bàbá Ìmọ̀! Kì í jẹ fùrá ẹnikẹ́ni!"

"Tántí," ni Ìlhàm wí, ẹ̀rù ti ń bà á, "mi ò sọ pé ẹnì kan ṣe nǹkan. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, màá tún padà wá wò ó."

Ṣùgbọ́n Tinúadé ti di gèlè rẹ̀ mọ́dìí, ó ti fa ọmọ lọ́wọ́, ó ti jáde. Ká ní ó dúró gbàdúrà kúkúrú kan, ká ní ó tilẹ̀ dúró mu omi, ì bá yàtọ̀. Kò dúró.

Àgbàlá Ìyá Gbàdàmọ́sí kún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn awakọ̀ takisí jókòó lórí bẹ́ǹṣì, igbá fùrá wà lọ́wọ́ wọn. Sùmáyyà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó wá mú ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sílé.

"Ìyá Ìmọ̀, káàbọ̀," ni Ìyá Gbàdàmọ́sí wí, ojú rẹ̀ tàn. "Jókòó. Fùrá òní, ẹni tó bá mu ún á dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ lójú oorun."

"Mi ò wá mu fùrá. Iṣẹ́ wo lẹ ń fi ọmọ mi ṣe?"

"Iṣẹ́ bí i ti báwo?"

"Ọmọ tí mo sunkún gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ṣé jéró lẹ ń kó fún un gún ni? Àbí ẹ ń rán an kiri nínú oòrùn? Kì í sùn lọ́sàn-án! Aago ọwọ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà gbé ojú sókè. "Aago ló sọ̀rọ̀? Tèmi ò tilẹ̀ mọ àkókò tó ń lù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí ń sùn," ni Ìyá Gbàdàmọ́sí wí.

"Ẹ̀rọ òyìnbó ní kò sùn."

"Èmi ní ó ń sùn. Nínú èmi àti ẹ̀rọ náà, ta ló wẹ ọmọ yìí nígbà tó wà ní ìkókó?"

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ wíwẹ̀ bò mí lójú! Ibo ló ń sùn sí? Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹní wo lẹ tẹ́ fún un? Ẹ fi ẹní náà hàn mí!"

Ọwọ́ Ìyá Gbàdàmọ́sí kan etí aṣọ tó ró, ó sì sọ̀ kalẹ̀. "Ó ń sùn," ló tún wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ibi tó ń sùn sí, o kò fẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ti rí i!" Tinúadé kọjú sí àwọn tó jókòó, ó na ọwọ́ bí ajẹ́rìí nílé ẹjọ́. "Kò rí nǹkan kan sọ! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọmọ sílẹ̀ níbí, ẹ la ojú yín o!"

Sùmáyyà bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ mú, ó sì ń mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Ìyá Gbàdàmọ́sí rí i. Ìyẹn gan-an ló gún un lọ́kàn. Ó gbé ṣíbí igi ọwọ́ rẹ̀ sórí ìdérí ìkòkò, ó nàró.

"Tinúadé," ló wí.

Láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé ilé ayé, kò pè é lórúkọ rí.

"Ọwọ́ yìí ló gba omi ara ọmọ rẹ. Ọwọ́ yìí ló tẹ ìwọ náà padà sí ènìyàn. Ọwọ́ kan náà lo wá pè ní ọwọ́ amúnisìn lójú àwọn tí mo ń bọ́. Mo ti dàgbà tó láti bí ọ, o kò sì lè wá jókòó tì mí kí o bi mí ní jẹ́jẹ́. Mú ọmọ rẹ. Máa lọ. Kí o má bojú wẹ̀yìn."

Ìmọ̀olúwa bú sẹ́kún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá náà, iná aago náà sì ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú, bí Tinúadé ti ń wọ́ ọ lọ.

Ohun tí ahọ́n bá tú dà sílẹ̀ nínú ìbínú kì í pẹ́ kó tó ṣàn dé gbogbo igun ilé. Kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó lọ jìnnà, kò sí ìyá kan tó fi ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ igi dógóyárò mọ́. Wọ́n ní ó ń rán àwọn ọmọ kiri. Wọ́n ní ó ń fún wọn ní nǹkan mu kí wọ́n má baà sunkún. Ẹnì kan tilẹ̀ ní fùrá rẹ̀ ti yàtọ̀ lẹ́nu. Tinúadé ń gbọ́ odó rẹ̀ láti òdì kejì ògiri. Ó ń dún wúwo, ó ń dún láìsinmi, bí ẹni tó ń gún ohun mìíràn tó ju jéró lọ.

"Jẹ́ kó gún un," ni Tinúadé wí fún ara rẹ̀. "Kó gún un títí." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí ìjọ dìde kọrin ọpẹ́, kò lè bá wọn kọ ọ́. Ó dúró láàárín àwọn tó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò mú ọmọ fún un mọ́, nítorí náà ó ń mú Ìmọ̀olúwa lọ sí ọjà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìrìn náà jìn, takisí gbóná, á sì ti rẹ ọmọ kí wọ́n tó dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tú ẹní tó dára jù lọ nínú ọjà rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òdòdó pupa hun, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Sùn síbí."

"Mi ò fẹ́ ẹní. Mo fẹ́ Ìyá."

"Ìyá wo? Èmi nìyá rẹ!"

"Mo fẹ́ gbì-gbì."

"Kí ló ń jẹ́ gbì-gbì?"

"Gbì! Gbì! Gbì!" Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ilẹ̀, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń dà, àwọn oníbàárà sì ń yẹra. Obìnrin Zarma kan tó ti mú abọ́ lọ́wọ́ gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó wo Tinúadé láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì kọjá sí ìsọ̀ tó tẹ̀lé e. Inú bí Tinúadé dé góńgó. Inú bí i sí ọmọ, sí oòrùn, sí obìnrin Zarma, sí Ìyá Gbàdàmọ́sí ju gbogbo wọn lọ. Ó fa aṣọ kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sọ sẹ́yìn.

"Ó dáa! Gòkè! Kí gbogbo ọjà wá wò ó! Kí wọ́n rẹ́rìn-ín!"

Ó so ó gírígírí. Ẹrù bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wà nílẹ̀ tí kò tíì tú, wọ́n ti wọnú ara wọn, wọ́n sì ti lẹ̀ pọ̀. Ó mú wọn, ó ń fi ìbínú gbá ìdí wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè tú. Gbì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró. Gbì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Gbì.

Ẹkún dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èémí gbígbóná kan ń fẹ́ sí i lọ́rùn, ó jinlẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọ rọ̀ jọwọlọ lórí èjìká rẹ̀. Ó ti sùn. Ó ti sùn débi pé itọ́ rẹ̀ ń tutù sí ìyá rẹ̀ léjìká.

Tinúadé gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ tó rọ̀ sórí èjìká rẹ̀ náà. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú.

Ó dúró. Iná kú.

Ó gbá a. Iná ṣẹ́jú. Ọmọ ń hanrun.

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà dání, kò lè gbé e sílẹ̀. Ó rí odó lábẹ́ igi. Ó rí ọmọrí odó tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yìn tó ń tẹ̀ tó ń nà, ọmọ tó so mọ́ ọn, tí oorun ti gbé lọ, tí apá rẹ̀ ń mì gíẹ́ gíẹ́ gíẹ́. Ó rí ọwọ́ àgbà tó kan etí aṣọ, tó sì sọ̀ kalẹ̀. *O kò fẹ́ mọ̀ ọ́n.*

"Olúwa mi," ló wí.

Ìbínú tó ti ń wá ẹni tí yóò jẹ láti ọjọ́ yìí wá kọ́kọ́ sá sọ́dọ̀ Ìlhàm. Tinúadé tẹ̀ ẹ́ láago lójú ẹsẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! O fi ẹ̀rọ sí ọmọ mi lọ́wọ́, o kò bi mí bóyá wọ́n ń pọ̀n ọ́n! Ẹ̀yìn ló ń sùn sí! O jẹ́ kí n ba ìyá oníyàá lórúkọ jẹ́!"

"Tántí," ni Ìlhàm wí, "mo bi yín."

"O bi mí nígbà wo?"

"Mo fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn mi, mo bi yín. Ẹ ní rárá. Ẹ ní ẹ ti kọjá ìyẹn nílé yín. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ ni, mi ò ní kà á sí nǹkan kan, àwọn tí wọ́n ń pọ̀n máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Kò sí ibòmíràn tí ìbínú náà lè lọ mọ́. Ó yí padà, ó bá olúwa rẹ̀. Ẹ̀rọ kò purọ́, Ìlhàm kò purọ́, Ìyá Gbàdàmọ́sí kò purọ́. Òun tó ń tijú ẹ̀rín ẹnu géètì ló la ẹnu sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú takisí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ní Talladjé. Kò lọ tààrà sí ilé Ìyá Gbàdàmọ́sí. Ṣọ́ọ̀bù Sùmáyyà ló kọ́kọ́ yà.

"Dìde, tẹ̀lé mi."

"Kí ló dé? Aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú rẹ, ojú rẹ náà ni màá ti kó o jẹ."

Àgbàlá náà dá páropáro. Awakọ̀ takisí kan ṣoṣo ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó fi aago ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Gbàdàmọ́sí ń gún jéró. Ó rí wọn, kò sì dáwọ́ dúró.

"Aago ti tún sọ̀rọ̀?" ló wí. "Kí ló wí lónìí? Ṣé ó ní mo jí ewúrẹ́?"

Tinúadé kúnlẹ̀ tọmọtọmọ nínú èèpo jéró. "Ẹ̀yìn yín ló ń sùn sí, Ìyá. Ẹ ń pọ̀n ọ́n, ẹ ń gún jéró, ó ń sùn, aago sì rò pé òun ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ń pọ̀n ọ́n, mo ní rárá, nítorí pé mo ń tijú. Sùmáyyà, o gbọ́? Ìyá yìí kò fi ọmọ ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, mo bẹ̀ yín, bí mo ṣe pariwo ìyẹn ni kí ẹ bá mi pariwo èyí."

Ọmọrí odó dúró.

"Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ ọ́, Ìyá?" ni Tinúadé wí, omijé ti dé. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ ì bá ti sọ pé, 'Ẹ̀yìn mi ni.'"

"Kí n sọ ọ́ kí o lè gbà á lẹ́yìn mi?" Ohùn àgbà náà fọ́. "O ti ní kí n má pọ̀n ọ́n. Gbàdàmọ́sí lọ, kò padà. Ohun tó kù sí ẹ̀yìn mi nìyẹn. Mo ní bí mo bá dákẹ́, yóò kù sí mi lọ́wọ́. Mo dákẹ́, o pè mí ní amúnisìn lójú ọjà mi, o sì gbà á náà! Inú ń bí mi, Tinúadé. Inú ń bí mi débi tí mi ò fi lè kírun tán láìrántí rẹ."

"Ẹ forí jì mí."

"Mi ò tíì débẹ̀."

Gbogbo ariwo yìí ti jí Ìmọ̀olúwa. Ó yọ́ bọ́ nínú ọ̀já, ó sáré, ó sì gun ẹ̀yìn ìyá náà bí ẹni tó ń gun àkàbà ilé baba rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Gbàdàmọ́sí ti lọ sẹ́yìn gbà á kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó so aṣọ, ó gbọn ara, ọmọ jókòó.

"Gbé ọmọrí odó," ló wí fún Tinúadé. "Ìwọ ni wàá gún un lónìí. Ó ti rẹ̀ mí látọjọ́ tí o ti pariwo lé mi lórí."

"Ìyá, mo fẹ́ sọ pé..."

"Jéró ni mo ní kí o gún, mi ò ní kí o sọ̀rọ̀. Bí ìbínú mi bá tán, màá ránṣẹ́ pè ọ́." Ó wo Sùmáyyà tó fara ti ògiri. "Ìwọ ńkọ́? Ọmọ rẹ dà? Àbí aago ló ń tọ́jú rẹ̀?"

Sùmáyyà kò dúró jiyàn. Ó ti ń sáré lọ mú un wá.

Tinúadé gún jéró. Ìyá Gbàdàmọ́sí ń rìn yí igi ká, ó ń gbá ìdí ọmọ pẹ́pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kò sùn. Ó gbé orí sókè, ó fajú ro.

"Ìyá, kì í ṣe báyìí. Gbì-gbì dà?"

Awakọ̀ náà fi igbá bo ẹnu. Ìyá Gbàdàmọ́sí pòṣé, òṣé tó gùn tó títì Talladjé. Ó lọ sẹ́yìn ìkòkò, ó mú ọmọrí odó kejì, ó dúró ní òdì kejì odó sí Tinúadé. Kò wò ó lójú. Ó gún. Tinúadé gún tẹ̀lé e. Wọ́n ń pààrọ̀ ọwọ́ nínú odó kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, gbì, gbì, gbì, títí orí ọmọ fi ṣubú sí àgbà náà léjìká, tí iná kékeré náà sì ń ṣẹ́jú bí wọ́n ti ń gún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi dé ibí yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi ẹnu ara yín lé ẹni tó ń gbé ẹrù yín lọ. Níbi tí ẹ bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí Ó fún yín ní orúnkún tí yóò lè kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ yín yóò rí ẹ̀yìn tó gbóná sùn sí, ẹ̀yin náà yóò sì sùn ní àlàáfíà lábẹ́ ọwọ́ Ẹni tí kì í tòògbé. Àmín.